Sítáàṣì Kan Náà, Ògiri Kan Náà

Kọ́ọ̀tù ni mo bá lọ sí ọjà Portobello lọ́jọ́ Sátidé náà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2007 ni, ọdún kẹta tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, òtútù sì ti ń wọ egungun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta kọ́ọ̀tù, bàbá arúgbó kan kó àwọn ìwé àtijọ́ sínú àpótí pẹlẹbẹ. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ṣe máa ń ṣí ọjà tí kò ní í rà, títí ọwọ́ mi fi kan bébà kékeré kan, pósítà kan tí wọ́n fa ìlà pupa yí ká. Nínú àwòrán rẹ̀, àwọn èèyàn ń tàkúrọ̀sọ nínú yàrá. Bébà tí wọ́n fi ṣe ògiri yàrá náà lọ́ṣọ̀ọ́ kò ní òdòdó lára. Orí ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n yà sí i, orí kan náà láti òkè dé ilẹ̀: irun tó dà sí iwájú, irunmú bíńtín lábẹ́ imú. Hítílà ni. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí èèyàn má gbàgbé pé ògiri létí.

Ògiri létí! Ọ̀rọ̀ ẹnu màámi ni. Alaàdìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la sì ti dàgbà. Bí ọ̀kan nínú wa bá ti fẹ́ dárúkọ oníbàárà tó jẹ gbèsè, màámi á kàn fọwọ́ kan etí, wọn á kọjú sí ògiri: "Ẹ rọra o, ògiri létí." Odindi ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Àfi bébà tí òyìnbó kan yà ní 1940, kó tó di pé wọ́n bí màámi. Pọ́n-ùn 90 tí mo mú wá fún kọ́ọ̀tù ni mo kà fún bàbá náà. Súwẹ́tà méjì lórí ara wọn ni mo fi la ìgbà òtútù yẹn já, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Cyril Kenneth Bird ni orúkọ ayàwòrán náà. Fougasse ló ń fi sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fara gbọgbẹ́ ní Gallipoli, nílẹ̀ Tọ́kì, nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940, ó ya pósítà mẹ́jọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ láìwẹ̀yìn lè pa ọmọ ọlọ́mọ lójú ogun. Nínú ọ̀kan, àwọn obìnrin méjì jókòó nínú ọkọ̀, wọ́n ń ròyìn fún ara wọn. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni Hítílà àti Göring, ọ̀gá kan nínú ìjọba rẹ̀, wà, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bẹẹrẹ. Bird kò jágbe mọ́ aráàlú. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ìkìlọ̀ náà sì wọlé lára.

Pósítà mọ́kànlélógójì ló wà lọ́wọ́ mi lónìí, láti Faransé, Jámánì, Ítálì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ìbéèrè tí àwọn tó ń ta á kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé: ṣé ti ìpolówó ọjà lẹ̀ ń kó jọ ni, àbí ti ogun? Ọjà méjì ni lójú tiwọn. Ẹni tó ń ra ti ọtí àti ti ṣokoléètì fẹ́ ohun tó máa dùn ún wò lẹ́bàá tábìlì oúnjẹ. Ẹni tó ń ra ti ogun ń fi í kún àmì ẹ̀yẹ àti fìlà ológun. Bí gbàǹjo bá wà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi tọ̀túntòsì sí. Èmi ò lè yà wọ́n nípá. Ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n, ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ wọ́n, ògiri kan náà ni wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró lójú títì kó lè ra ọṣẹ, òun náà ni ìjọba ránṣẹ́ sí nígbà tó di pé kí èèyàn dúró lójú títì kó lè lọ kú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta. Ní nǹkan bí ọdún 1796, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alois Senefelder ní Bavaria ṣàwárí pé èèyàn lè tẹ̀wé láti orí òkúta láìgbẹ́ ẹ rárá. Òkúta náà, èyí tó dára jù nínú rẹ̀, Solnhofen ni wọ́n ti ń wà á. Wọ́n á fi ohun ọlọ́ràá yàwòrán sórí rẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á wá yí íǹkì olóròóró kọjá lórí rẹ̀. Níbi tí omi wà, íǹkì kò ní í mú; níbi tí ọ̀rá wà, íǹkì á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo dàgbà sẹ́yìn màámi, ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni! Màámi á fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ sórí aṣọ funfun, wọ́n á sá a, ó di inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í wọ ibẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe sí aró ni omi ń ṣe sí íǹkì. Ìyàtọ̀ kan ni pé òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí àwòrán bá ní àwọ̀ márùn-ún, bébà kan náà á kọjá lórí òkúta márùn-ún, bí kò bá sì jókòó síbi tó yẹ lórí ọ̀kan, ètè obìnrin inú rẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

(Ọ̀nà tí àwòrán òyìnbó gbà wọ inú ẹ̀kọ wa pàápàá wà. Àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní olóba, Ọba George Karùn-ún àti ìyàwó rẹ̀ Mary ló wà láàárín rẹ̀. Ìgbà tí ọba náà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, ní 1935, ló jáde. Màámi ní ọ̀kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọba ilẹ̀ Yorùbá ni mo pè é.)

Ní Páríìsì, Jules Chéret ló sọ òkúta yìí di ohun ìgboro. Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó padà sílé ní 1866, ó sì dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tí ẹsẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀, ló fi polówó gbogbo nǹkan, títí kan epo àtùpà. Nígbà tí òfin 29 oṣù Keje ọdún 1881 jáde tó fún àwọn ará Faransé lómìnira láti tẹ ohun tó bá wù wọ́n, pósítà bo ìlú. Òfin yẹn kan náà ni wọ́n ń kọ sára ògiri ní Faransé títí dòní láti fi lé àwọn tó ń lẹ pósítà: "ẹ má lẹ nǹkan mọ́ ibí, òfin 29 oṣù Keje 1881." Ẹni tó bá mọ "POST NO BILL" tó wà lára ògiri l'Ékòó kò ní í ṣe àjèjì níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn pósítà nígbà náà kì í dúró dìgbà tí òjò bá bà á jẹ́. Wọ́n á fún ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ lówó ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n mú kànìnkànìn olómi dání lóru, kí wọ́n rọra ṣí i kúrò lára ògiri. Lara èyí tó ṣẹ́ kù lónìí, ọwọ́ irú wọn ló ti bọ́ sílẹ̀. Toulouse-Lautrec àti pósítà ilé ijó Moulin Rouge rẹ̀ ti ọdún 1891, Mucha àti pósítà òṣèré Sarah Bernhardt rẹ̀ tó bọ́ sígboro lọ́jọ́ kìíní ọdún 1895: gbogbo ayé ló mọ ìwọ̀nyẹn, owó wọn sì ti ga ju ọwọ́ mi lọ. Mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀.

Théophile Steinlen ni mo fẹ́ràn. Ní 1894 ó ya ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú aṣọ pupa, ó ń mu mílíìkì nínú àwo, àwọn ológbò sì gbójú sókè sí i bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mílíìkì ni wọ́n ń tà. Ní 1916, ọwọ́ yẹn kan náà ló ya pósítà tí wọ́n fi tọrọ owó ìrànwọ́ fún àwọn ará Serbia tí ogun ti fọ́ ìlú wọn. Wọn kì í tà wọ́n papọ̀. Mo ní ẹ̀dà kékeré àkọ́kọ́, mi ò tíì rí ìkejì rà, àyè rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Èyí tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá mi lójú ni ti Lucian Bernhard. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Bẹ́líìnì, ó wọ ìdíje kan láti ya pósítà fún ìṣáná Priester. Ó ya tábìlì, ó ya àwo eérú, ó ya sìgá tó ń rú èéfín, èéfín náà sì di àwọn obìnrin tó ń jó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Ó yọ àwọn obìnrin, ó yọ sìgá, ó yọ àwo, ó yọ tábìlì. Igi ìṣáná méjì ló kù, pẹ̀lú orúkọ tó ń ta á. Àwọn adájọ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Ẹnì kan nínú wọn tó pẹ́ dé ló mú un jáde pé èyí gan-an ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya pósítà bẹ́ẹ̀ ní Jámánì: nǹkan kan ṣoṣo, ńlá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ó wá di 1918. Owó ogun ti tán lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n ń bẹ aráàlú kí wọ́n yá ìjọba lówó. Bernhard tún ya pósítà. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn kí ẹ wò ó. Kò sí tábìlì, kò sí èèyàn, kò sí ìlú tó ń jó. Ìkúùkù kan ṣoṣo tí wọ́n fi irin bò ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà tí ń sọ pé ọ̀nà àlàáfíà nìyí, àwọn ọ̀tá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Igi ìṣáná méjì ti di ìkúùkù. Nǹkan tó fi kọ́ ara rẹ̀ láti ta ìṣáná náà ló fi ta ogun, kò sì fi ohun kan kún un, kò yọ ohun kan kúrò. Mo ti fi ojú mi rí àwọn méjèèjì nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, inú mi kò sì balẹ̀ títí mo fi délé. Ludwig Hohlwein ti Munich burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ya àwọn ẹranko ọgbà Munich ní 1912 tó lẹ́wà débi pé èèyàn lè fọwọ́ pa wọ́n lára, ó wọ ẹgbẹ́ Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hítílà, ní 1933, ó sì fi ọwọ́ náà sìn wọ́n.

Níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìka ni. Gbogbo èèyàn ló mọ ọ̀n: Lord Kitchener, mínísítà ogun nígbà náà, pẹ̀lú irunmú gbọọrọ, ó na ìka jáde láti inú bébà sí ẹni tó ń wò ó. Alfred Leete ló yà á, iwájú ìwé ìròyìn London Opinion ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1914 ló sì ti kọ́kọ́ jáde, oṣù kan lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá na irú ìka bẹ́ẹ̀ sí ọ lójú, o ti ṣẹ nìyẹn. Ẹ sì rántí pé títí di oṣù Kìíní ọdún 1916, ìjọba kò lè fi òfin mú ẹnikẹ́ni wọ iṣẹ́ ológun níbí. Ẹni tó bá wù ló ń lọ. Ògiri ló ní láti ṣe é. Ní 1915, Savile Lumley ya bàbá kan tó jókòó sórí àga lẹ́yìn ogun, ọmọbìnrin rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń bi í pé kí ni bàbá òun ṣe nígbà ogun ńlá. Ọmọkùnrin wà nílẹ̀, ó ń fi àwọn sójà kéékèèké ṣeré. Bàbá náà kò dáhùn, ó kàn ń wò wá. Ìtìjú ni wọ́n fi ń tà á. Mo ka á sí pósítà tó burú jù lọ nínú gbogbo èyí tí ilẹ̀ yìí tẹ̀, nítorí pé ọmọdé ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀ ẹja.

Kitchener yìí náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ni oníṣòwò kan tà á fún mi ní pọ́n-ùn 180 níbi pàtẹ kan, pé láti 1914 ni. Mo délé, mo mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo gbé e lé imú ọkùnrin náà. Tó-tò-tó kéékèèké ni mo rí, ti búlúù, ti pupa, ti yẹ́lò, ti dúdú, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ọwọ́ gbìn. Ẹ̀rọ òde òní ni. Àwọ̀ tó bá wá láti orí òkúta máa ń fọ́n ká bí yanrìn, kì í tò. Mo dá a padà fún un, ó ní òun ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì dá kọ́bọ̀ kan padà. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ òru mẹ́ta ni owó náà. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ bébà ni mo ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo àwòrán: orúkọ ilé ìtẹ̀wé, nọ́ńbà, òǹtẹ̀ owó orí bó bá jẹ́ ti Faransé, nítorí pé wọ́n máa ń san owó kí wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ síta. Mo máa ń wo ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po pẹ̀lú. Bébà tí kò ní àpá kankan lára lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ fura sí i.

Ó ku èyí tí mo ti ń sún síwájú láti òkè.

Ní 1915, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé tó ń ta Banania, àdàpọ̀ kòkó àti ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún oúnjẹ àárọ̀, gbé pósítà tuntun jáde. Giacomo de Andreis ló yà á. Sójà aláwọ̀ dúdú ni, ó wọ fìlà pupa, ó jókòó sílẹ̀, ìbọn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí gbogbo eyín fi yọ. Wọ́n fi Faransé fífọ́ sí i lẹ́nu pé "Y'a bon", ìyẹn ni pé ó dáa. Àwọn tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais nìyẹn, àwọn sójà tí Faransé kó láti Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Senegal nìkan kọ́ ni wọ́n ti kó wọn. Wọ́n kó wọn ní Dahomey pẹ̀lú, orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí àwọn èèyàn wa wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún tí wọ́n ń lẹ pósítà yẹn mọ́ ògiri, àwọn tó jọ ọ́ ń kú lójú ogun. Ìpolówó àti ogun kò tún lọ tààrà ju èyí lọ. Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ní 1940, Léopold Sédar Senghor, ẹni tó padà di ààrẹ Senegal, kọ ọ́ nínú ewì pé òun á fa ẹ̀rín Banania ya kúrò lára gbogbo ògiri Faransé. Ó pẹ́ kó tó ṣẹ. Ọdún 2011 ni ilé ẹjọ́ ní Versailles ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ilé-iṣẹ́ náà jáwọ́ nínú títa ohun tí gbólóhùn "Y'a bon" bá wà lára rẹ̀.

Mo ní ọ̀kan nínú pósítà Banania náà, ẹ̀dà kékeré tó jáde lẹ́yìn 1915. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Àjàṣẹ́ rí i nílé mi. Bàbá bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" Mo ní mi ò gbé e kọ́, mi ò sì ní í gbé e kọ́ láé, inú àpótí ló ń gbé, àmọ́ bí mo bá jó o, àwọn tó yà á ló máa dùn mọ́ jù. Kò dá mi lóhùn. Ó mú un lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ó fi àtàǹpàkò bo ẹnu sójà náà kí eyín má hàn mọ́, ó wá ń wo ojú nìkan. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó dá a padà fún mi, ó ní, "Ojú yẹn ò rẹ́rìn-ín." Mo ti ní in fún ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, mi ò rí i rí. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Òótọ́ ni.

Màámi wá kí mi ní 2014. Fougasse ni wọ́n kọ́kọ́ bá lára ògiri pálọ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ni gbogbo orí yìí?" Mo ní, "Hítílà ni, Màámi." Wọ́n sún mọ́ ọn. "Hítílà tí bàbá mi lọ bá jà?" Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àwọn ará Japan ni bàbá bá jà ní Bọ́mà, pẹ̀lú Dífísọ̀n 81 ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, mo sì mọ̀ ọ́n tì. Ogun Hítílà ni wọ́n pè é fún wọn, ogun Hítílà náà ni. Wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí nílé: pé kò sẹ́ni tó fi agbára mú bàbá àwọn. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́, ọ̀nà ọjà ló gbà tó rí àwòrán sójà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, bàtà rẹ̀ ń dán. Bàtà yẹn ló ń sọ títí tó fi kú. Mo bi wọ́n bí àwòrán náà ṣe rí. Wọ́n ní bàbá ò sọ ju bàtà lọ. Mo ń wá a láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí i.

Ẹni tí mo máa ń rò bí mo bá ń wá nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Hans Sachs. Oníṣẹ́ eyín ni ní Bẹ́líìnì, 1881 ni wọ́n bí i, láti ìgbà èwe ló sì ti ń kó pósítà jọ. Ní 1905 ó dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ pósítà sílẹ̀, ó tún ń tọ́jú ìwé ìròyìn wọn, Das Plakat. Ìpolówó àti ìṣèlú, sinimá àti ogun, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Pósítà 12,500 ló ní. Júù ni. Ní 1938, Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ àwọn Násì, wá kó gbogbo rẹ̀ lọ, Goebbels, mínísítà ìpolongo Hítílà, ló rán wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ lọ sí Sachsenhausen, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogun, gbogbo èèyàn gbà pé iná ti jó àwọn pósítà náà, ìjọba ìwọ̀ oòrùn Jámánì sì san máàkì 225,000 fún un ní 1961 gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú. Àfi bó ṣe gbọ́ ní 1966 pé apá kan wọn ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlà oòrùn Bẹ́líìnì. Ó kọ̀wé sí wọn. Ó kú ní 1974 láìfojú kàn wọ́n mọ́.

Ọmọ rẹ̀, Peter, ló gba ẹjọ́ náà rò. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Jámánì dá a láre, wọ́n sì kó nǹkan bí 4,300 padà fún un láti Deutsches Historisches Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn ní Bẹ́líìnì. Ní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní gbàǹjo ní New York. Àwọn kan bínú pé kò yẹ kó tà wọ́n. Èmi ò bínú. Nǹkan bàbá rẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí ni 8,000 tó kù, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí, àti dókítà eyín yẹn ní Amẹ́ríkà, tó mọ̀ pé wọ́n wà níbì kan, láàyè, nínú òkùnkùn àpótí.

Ọdún tó kọjá, mo ra pósítà Faransé kan olówó pọ́ọ́kú, ti ọtí tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó jẹun, láti bí ọdún 1922. Ó ti ya níbi mẹ́ta, ó sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tó ń tún wọn ṣe. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ló máa ń tẹ́ wọn sí kí lẹ́ẹ̀ ọjọ́sí lè rọ̀; lẹ́yìn náà, á fi bébà Japan àti sítáàṣì lẹ̀ wọ́n mọ́ aṣọ, kí wọ́n lè tẹ́jú. Ó jẹ́ kí n dúró tì í. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, òórùn dé, òórùn ògì tó ti kan. Òórùn yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù màámi. Mo di etí táńkì náà mú.

Bàbá náà fi ọ̀bẹ eyín erin bọ etí bébà, ó sì rọra ṣí i. Igo ọtí náà gbéra, pẹ̀lú obìnrin tó gbé e dání. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lẹ ti ọtí kò yọ ti tẹ́lẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́, ó kàn da sítáàṣì sí i lójú. Apá kan ṣoṣo ni, bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ ti jẹrà dànù. Lẹ́tà ńlá wà lókè: EMPRU. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ti lọ, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ti rí irú rẹ̀ bí ogún: emprunt, owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú láti fi ja ogun àti láti fi san gbèsè ogun. Lábẹ́ lẹ́tà náà, ọwọ́ ọmọdé kan, ó tẹ́ ẹ síta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè.

Bàbá náà ní òun sábà máa ń da ti abẹ́ nù, pé kò ní í rówó kankan mú wọlé, pé ti ọtí ni mo rà. Mo ní kó jọ̀wọ́, kó bá mi lẹ méjèèjì mọ́ aṣọ. Ó ní aṣọ méjì? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kó gé wọn ní ìwọ̀n kan náà, nítorí orí ara wọn ni mo fẹ́ tò wọ́n sí. Ó wò mí díẹ̀, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó ti abẹ́ bébà kejì gbé e sókè, ó ń ro tó-tó-tó, ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà níta.